Bí A Ṣe Ń Wọn Oògùn Ìpara Tó Wọnú Awọ Ara, Láìka Èyí Tó Ṣẹ́ Kù Lójú Awọ Mọ́ Ọn

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ mọ iye oògùn ìpara tó wọnú awọ ara lè ní LC-MS/MS, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ kó tó wọ̀n wọ́n, tó dára jù lọ, kí nọ́ńbà tó ń rí sì mọ́ gaara, síbẹ̀ kí nọ́ńbà náà má jẹ́ òótọ́, nítorí pé abẹ ti gbé ìpara ojú awọ lọ sí ìsàlẹ̀, tàbí nítorí pé ìdajì oògùn náà ṣì há sínú ègé awọ tí a dà nù. Ẹ̀rọ ń ka ohun tó wà nínú ìgò kékeré tí a gbé fún un. Kò mọ ibi tí ohun náà ti wá.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò kan fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó. Bí ẹ bá fi ìpara tí oògùn inú rẹ̀ jẹ́ 1% sójú awọ ní ìwọ̀n 5 mg lórí cm² kọ̀ọ̀kan, oògùn tó wà lójú awọ jẹ́ 50 µg lórí cm². Ká ní èyí tó dé awọ ìsàlẹ̀ ní tòótọ́ jẹ́ 0.1 µg lórí cm². Ìdá 0.2 péré nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà lókè, bó bá ṣèèṣì kàn án, ti tó láti sọ èsì yín di ìlọ́po méjì, ojú lásán kò sì lè rí irú àbààwọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Èkíní ni èèpo òde, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní stratum corneum. Ó nípọn tó bíi 10 sí 20 µm ní ọ̀pọ̀ ibi lára. Èkejì ni awọ òkè tó wà láàyè lábẹ́ rẹ̀, tó máa ń wà láàárín 50 sí 100 µm. Ẹ̀kẹta ni awọ ìsàlẹ̀, tó le, tó kún fún okùn kọ́lájìn, tó sì lè nípọn tó 1 sí 2 mm. Awọ ènìyàn tí dókítà ti gé kúrò, tí a gbé sórí ìgò Franz, ni a ó lò; ìgò náà ní omi lábẹ́ awọ, tó ń gba oògùn tó bá kọjá. Níbi tí iṣẹ́ lára ènìyàn alààyè bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ títí gbogbo nǹkan wọ̀nyí yóò fi wà nílẹ̀:

- Awọ ènìyàn tó kù nínú iṣẹ́ abẹ, tí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí ìwé pé a lè lò ó. Ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn kan àti èkejì pọ̀ gan-an, nítorí náà ẹ wá awọ ènìyàn mẹ́rin, ó kéré tán, kí ẹ sì ṣe ju ẹyọ kan lọ lórí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Awọ etí ẹlẹ́dẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù bí kò bá sí ti ènìyàn. A lè tọ́jú awọ sí −20 °C, àfi bí ẹ bá fẹ́ mọ bí awọ ṣe ń yí oògùn padà, nítorí pé yìnyín ń ba èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ náà jẹ́.
- Awọ aláìgboògùn, ìyẹn awọ tí ìpara kankan kò kàn rí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ tán.
- Ìpara tí ẹ fẹ́ dán wò, àti irú rẹ̀ gan-an tí kò ní oògùn nínú.
- Oògùn ògidì tí a mọ bó ti mọ́ tó, àti ohun afiwéra rẹ̀, tí a ń fi sínú ìgò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà láti fi mọ ohun tó sọnù lójú ọ̀nà. Èyí tó dára jù ni oògùn kan náà tí a fi deuterium, ìyẹn hydrogen tó wúwo, rọ́pò díẹ̀ nínú hydrogen rẹ̀.
- Ìgò Franz àti ẹ̀rọ tó ń mú omi rẹ̀ gbóná.
- Tẹ́ìpù róbótó fún bíbó èèpo òde. D-Squame, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 22 mm, wọ́pọ̀.
- Ohun ìgé róbótó, ẹ̀mú kékeré, abẹ tuntun lọ́pọ̀lọpọ̀ àti ìbọ̀wọ́.
- Òṣùwọ̀n tó lè ka 0.01 mg, ẹ̀rọ ìlọ-awọ tó ń lo ìlẹ̀kẹ̀ líle, ẹ̀rọ centrifuge tó ń fi yíyí ya nǹkan sọ́tọ̀, àti omi ìyọ́ méjì, methanol àti acetonitrile, tó mọ́ tó fún iṣẹ́ ẹ̀rọ.
- LC-MS/MS. HPLC tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka nǹkan lè tó fún tẹ́ìpù àti fún omi ìfọ̀, ṣùgbọ́n fún awọ ìsàlẹ̀, kì í sábà tó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ parí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kí ẹ tó ṣí ìpara

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè kà. Nínú àpẹẹrẹ wa lókè, bí ẹ bá gé ègé awọ ìsàlẹ̀ tó fẹ̀ tó 0.5 cm², 50 ng ló máa wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ sínú 1 ml, ó di 50 ng/ml. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún awọ tí oògùn kò wọ̀ dáadáa, kí ẹ wá ọ̀nà tó lè ka 5 ng/ml tàbí èyí tó kéré sí i. Inú omi tí a yọ lára awọ aláìgboògùn ni ó gbọ́dọ̀ ti kà á, kì í ṣe inú methanol mímọ́.

Ìlànà ICH M10, ìlànà àgbáyé lórí dídán ọ̀nà ìwọn-oògùn wò, tó jáde ní 2022, ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìlà ìdíwọ̀n, ìyẹn àwọn ìwọ̀n oògùn tí a mọ̀ tí a fi ń túmọ̀ ohun tí ẹ̀rọ kà, gbọ́dọ̀ ní ìpele mẹ́fà, ó kéré tán, láìka àwọn òfìfo, tí kò ní oògùn, mọ́ ọn. Ohun tí ẹ̀rọ bá kà kò gbọdọ̀ fi ju 15% lọ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ mọ̀ pé ẹ fi sí i, àfi ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí a ti gba 20% láyè. Ìlànà kan náà ní kí a dán ọ̀nà náà wò lórí ohun tó ti ọ̀dọ̀ ènìyàn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, nítorí pé ọ̀rá àti iyọ̀ inú awọ ẹnì kan lè tẹ ohùn oògùn mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ìkìlọ̀: awọ nìkan kọ́ ló ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Propylene glycol, PEG àti àwọn ọ̀rá inú ìpara ń wọ awọ lọ pẹ̀lú oògùn, wọ́n sì lè jáde kúrò nínú kọ́lọ́ọ̀mù, ọ̀pá tí ẹ̀rọ fi ń ya èròjà sọ́tọ̀, lákòókò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá fi awọ aláìgboògùn nìkan dán ọ̀nà rẹ̀ wò kò tíì rí ìdíwọ́ yìí. Ẹ fi ìpara tí kò ní oògùn pa awọ kan, kí ẹ yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìwọ̀n oògùn tí ẹ mọ̀ sí omi náà, kí ẹ sì fi wé ìwọ̀n kan náà nínú omi ìyọ́ mímọ́.

Àwọn oògùn kan ní wàhálà tiwọn. Hydrocortisone jẹ́ ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, nítorí náà kò sí awọ tó jẹ́ òfìfo ní tòótọ́ fún un, ẹ sì ní láti lo irú èyí tó ní deuterium fún ìlà ìdíwọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ máa ń yí tretinoin padà sí àwọn ìbátan rẹ̀ kíákíá; abẹ́ iná aláwọ̀ ìyeyè àti nínú ìgò dúdú ni a ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* awọ aláìgboògùn kò fi ohunkóhun hàn níbi tí oògùn ti ń jáde, àwọn ènìyàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà láàárín 15%, awọ tó gba ìpara aláìlóògùn náà sì wà láàárín rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gbé awọ sórí ìgò, kí ẹ sì fi ìpara sí i

Ẹ gbé awọ lé ìgò Franz, kí èèpo òde kọjú sókè. Ojú awọ gbọ́dọ̀ wà ní 32 °C. Ẹ fi ohun ìwọn-ooru kan ojú awọ gan-an, nítorí pé omi tó ń yí ìgò ká lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé awọ gbóná tó. Ẹ rí i pé kò sí afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ awọ. Omi abẹ́ awọ gbọ́dọ̀ lè yọ́ oògùn náà dáadáa. Kí oògùn inú rẹ̀ má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó lè yọ́ lọ. Bí oògùn bá fẹ́ràn ọ̀rá, a máa ń fi albumin, púrótéènì kan, sí omi náà.

Ẹ yẹ awọ kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ti ya, nípa wíwọn omi tó ń gba ojú rẹ̀ jáde tàbí bó ṣe ń dènà iná mànàmáná, kí ẹ sì yọ èyí tó bá ti bàjẹ́ kúrò kí ìpara tó kàn án. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí èsì jáde kó tó pinnu awọ tó bàjẹ́ ti ń yan èsì tó wù ú.

Ẹ wọn ohun tí ẹ fi ń pa á kí ẹ tó pa á, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Ìyàtọ̀ wọn ni ìwọ̀n ìpara tó dé ojú awọ ní tòótọ́.

Awọ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi sí i, tó sì jẹ́ pé lójú tèmi, òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò yìí. Mo ń pè é ní awọ àfinù. Ẹ fi ìpara pa á ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ nù ún kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú un gba gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù. Oògùn kò tíì ráyè wọlé nínú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá rí nínú awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ yín ló gbé e débẹ̀. Ẹ ṣe mẹ́ta, ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ nu ojú awọ mọ́

Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ kọ́kọ́ fi òwú gbígbẹ kó èyí tó pọ̀ jù kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú omi ọṣẹ tí kò lágbára nù ún, kí ẹ tún fi èyí tí a rẹ sínú omi lásán nù ún, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lú òwú gbígbẹ. Òwú tuntun ni ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo òwú náà lọ sínú ìgò, nítorí pé a ó wọn oògùn tó wà lára wọn.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe lo ọtí tàbí methanol nítorí pé ó ń nu nǹkan mọ́ kíá. Ó lè fa oògùn jáde kúrò nínú èèpo òde, ó sì lè tì í wọlé síwájú sí i, ẹ kò sì ní mọ èwo ló ṣe. Omi ọṣẹ pàápàá, bó bá pẹ́ lójú awọ, lè ti oògùn wọlé; ẹ má ṣe jẹ́ kó dúró. Ẹ tú ìgò Franz, kí ẹ nu etí rẹ̀ níbi tó ti di awọ mú, torí ìpara máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* òwú tó kẹ́yìn kò ní ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí òwú yòókù kó lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi òwú kan kún ètò yín, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo awọ láìyọ ọ̀kankan sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi tẹ́ìpù bó èèpo òde

Ẹ lẹ tẹ́ìpù mọ́ àárín ibi tí ìpara wà, kí ẹ fi ohun tó ń tẹ nǹkan ní agbára kan náà tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo 225 g lórí cm². Ẹ fà á ya lẹ́ẹ̀kan náà, láìṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ yí apá tí ẹ ń fà á sí padà nígbà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ìpù 15 sí 20 ló wọ́pọ̀ lára ènìyàn alààyè.

Tẹ́ìpù kìíní àti èkejì kì í ṣe ara èèpo òde nínú ìṣirò. Ìpara tó ṣẹ́ kù ni wọ́n kó. Ẹ wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀, kí ẹ sì kà wọ́n mọ́ ohun ojú awọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé awọ kò tẹ́jú bí dígí: ó ní ìlà àti ihò irun, ìpara sì ń dúró sínú wọn kó tó wá bá tẹ́ìpù kẹfà tàbí ìkẹwàá jáde. Nítorí náà, oògùn tó wà lára tẹ́ìpù tó pẹ́ kò fi dandan túmọ̀ sí oògùn tó lọ jìnnà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kíka iye tẹ́ìpù gẹ́gẹ́ bí ìjìnlẹ̀. Tẹ́ìpù kìíní ń kó èèpo púpọ̀, ìkẹẹ̀ẹ́dógún ń kó díẹ̀, awọ kan sì yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ wọn èèpo tó wà lára tẹ́ìpù kọ̀ọ̀kan, yálà nípa wíwọ̀n ọ́n, nípa kíka púrótéènì rẹ̀, tàbí nípa wíwo bó ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ 850 nm, èyí tí kò ba tẹ́ìpù jẹ́ kí ẹ tó yọ oògùn lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìkan: ní 2002, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fa ìwé ìtọ́sọ́nà kan lórí ọ̀nà tẹ́ìpù sẹ́yìn, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1998, lẹ́yìn tí èsì ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò méjì lórí jẹ́ẹ̀lì tretinoin kò bára mu.

Nígbà tí ẹ bá ń yọ oògùn lára tẹ́ìpù, gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò bá a yọ́. Ẹ gbé omi náà sínú yìnyín dídì ní òru, kí ẹ yí i nínú centrifuge nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ sì mú ti òkè nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gọ́ọ̀mù yóò dí kọ́lọ́ọ̀mù yín.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* èèpo tí tẹ́ìpù ń kó ń dín kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ojú awọ sì ń dán. Lára alààyè, omi tó ń gba ojú awọ jáde yóò ti ga sókè ní ìlọ́po mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ya awọ òkè sọ́tọ̀ kúrò lára awọ ìsàlẹ̀

Ẹ dojú awọ délẹ̀, kí ẹ gé ègé róbótó láti àárín, kí ohun ìgé gba ìsàlẹ̀ wọlé. Bí ohun ìgé bá gba òkè wọlé, yóò wọ́ oògùn òkè lọ sára etí awọ ìsàlẹ̀, àṣìṣe yìí nìkan sì lè ju gbogbo oògùn tó wà níbẹ̀ lọ. Ègé náà gbọ́dọ̀ kéré sí ibi tí ìpara kàn.

Ooru 60 °C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan máa ń jẹ́ kí a lè fi ẹ̀mú bó awọ òkè kúrò. Inú omi ni àwọn kan ń rì í sí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé omi ń fọ oògùn tó ń yọ́ nínú omi dà nù. Ẹ fi bébà irin wé e, kí ẹ gbé e sórí irin gbígbóná. Bí ẹ bá bẹ̀rù pé ooru lè gbé oògùn láti ìpele kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kí awọ dì, kí ẹ sì gé e ní pẹlẹbẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgé-yìnyín, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Abẹ tuntun fún ìpele kọ̀ọ̀kan.

Awọ ìsàlẹ̀ ń gbẹ lójú ẹni lórí òṣùwọ̀n. Ẹ ju ú sínú ìgò tí ẹ ti wọ̀n sílẹ̀, kí ẹ dé e, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì yọ oògùn jáde

Àwọn tó yára máa ń da methanol sórí awọ ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ ìlọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi ìyọ́ tí kò ní omi nínú ń fa omi kọ́lájìn jáde, ègé awọ náà á sún kì, á sì le, oògùn inú rẹ̀ kò sì ní rọ́nà jáde. Ẹ fi abẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ẹ lọ̀ ọ́ nínú omi díẹ̀ títí kò fi ní sí ègé tójú lè rí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi methanol tàbí acetonitrile sí i. Ẹ máa gbé ìgò sínú yìnyín láàárín ìlọ̀ kan sí èkejì, torí ẹ̀rọ náà ń mú un gbóná. Kí ohun afiwéra ti wọ inú ìgò kí ìlọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lè sọ ohun tó sọnù nínú ìlọ̀ náà fún yín.

Bí awọ bá ṣì ń ṣagídí, ẹ lè fi collagenase tàbí proteinase K, àwọn èròjà tó ń gé púrótéènì, tú u, bí ẹ bá ti fi hàn pé oògùn yín kò bàjẹ́ nínú ooru àti wákàtí tí iṣẹ́ náà ń gbà.

Ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á fi oògùn sí awọ tí wọ́n ti lọ̀ tán, wọ́n á yọ ọ́ padà, wọ́n á sì rí 98%. Ìdánwò yẹn kò sọ nǹkan púpọ̀. Oògùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí i ṣì wà lójú omi. Èyí tó fi wákàtí 24 rìn wọnú awọ ti so mọ́ púrótéènì àti ọ̀rá. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín gún ìwọ̀n oògùn tí ẹ mọ̀ sínú ègé awọ ìsàlẹ̀ tó ṣì wà lódidi, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Iye tó bá padà bọ̀ nínú èyí ni kí ẹ gbà gbọ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ẹ yọ oògùn láti inú ègé kan náà nígbà mẹ́ta. Ìgbà kẹta kò gbọdọ̀ mú ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ

Ìgbésẹ̀ yìí kúrú, bí ìgbésẹ̀ 1 bá ti dára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oògùn ti kéré: omi abẹ́ awọ, awọ ìsàlẹ̀, awọ òkè, tẹ́ìpù, kí ẹ sì fi òwú ìfọ̀ ṣe ìkẹyìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti bù ú là dáadáa. Òfìfo tó bá tẹ̀ lé ìpele tó ga jù nínú ìlà ìdíwọ̀n kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún òpin ìsàlẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó kéré jù tí ọ̀nà yín lè kà, hàn. Kí àwọn àyẹ̀wò ìdánilójú tí ẹ mọ ìwọ̀n wọn wà káàkiri ètò náà, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, àti ìdajì ní ìpele kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ wà láàárín 15%.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìṣirò

Ẹ ṣe àpapọ̀ gbogbo oògùn: òwú, tẹ́ìpù, awọ òkè, awọ ìsàlẹ̀, omi abẹ́ awọ àti ohun tí ẹ fọ̀ lára ìgò. Ìlànà OECD 428, tó wà fún dídán bí nǹkan ṣe ń wọ awọ wò lórí ìgò, fẹ́ kí àpapọ̀ náà wà láàárín 90 sí 110% ohun tí ẹ fi sójú awọ. Bó bá kéré, ẹ wo ìgò àti ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fẹ̀sùn kan awọ. Oògùn tó ń fò lọ bí afẹ́fẹ́ tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí àpapọ̀ tó dára tàn yín jẹ. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún 50 µg jẹ́ 5 µg, ìyẹn ìlọ́po àádọ́ta ohun tó wà nínú awọ ìsàlẹ̀ nínú àpẹẹrẹ wa. Èsì awọ ìsàlẹ̀ lè jẹ́ irọ́ pátápátá kí àpapọ̀ sì jẹ́ 100%. Awọ àfinù nìkan ló lè dá èsì yẹn láre.

Ẹ kọ èsì ní µg lórí cm² àti ní ng lórí mg awọ tútù, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe wọn awọ náà. Ẹ rántí pé àpapọ̀ oògùn inú ègé ni èyí, èyí tó so mọ́ nǹkan àti èyí tó wà lómìnira, pẹ̀lú èyí tó wà nínú ihò irun; bí ìbéèrè yín bá jẹ́ nípa oògùn tó wà lómìnira nínú omi ara nìkan, microdialysis tàbí open flow microperfusion, tí a fi ń gba oògùn láti inú omi ara nípasẹ̀ ọ̀pá tín-ín-rín, lára alààyè ni ẹ nílò, kì í ṣe ọ̀nà yìí. Níbi tí èsì bá ti kéré sí òpin ìsàlẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀; ẹ má ṣe kọ òdo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé awọ ìsàlẹ̀ tí oògùn wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti awọ àfinù. Bí èyí tí oògùn wọ̀ bá ga jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbà á. Bó bá wà láàárín, ẹ tẹ èsì méjèèjì jáde pọ̀, kí òǹkàwé rí i fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, ẹ má ṣe yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì kí ẹ pe ìyókù ní èsì, nítorí pé àbààwọ́n awọ kan kì í bá ti èkejì dọ́gba. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3 àti ìkarùn-ún, kí ẹ sì tún un ṣe pẹ̀lú awọ tuntun.